Kòkó Tí Ọkọ Mi Bò Kẹ́yìn

Òkìtì kòkó máa ń gbóná láìsí iná. Ẹni tí kò bá tíì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ rí kì í gbà á gbọ́. Ẹ fọ́ kòkó tútù, ẹ kó hóró rẹ̀ tòun ti omi funfun tó yí i ká sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi ewé mìíràn bò ó, ẹ fi igi tẹ ewé náà mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ẹ ó rí i pé ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ẹ ó fẹ́ tètè yọ ọwọ́ yín.

Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kan wà lábẹ́ ewé ní oko wa ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi kú. Òun náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ikú náà nìkan, n kò ní mọ ohun tí mo máa wí.

Èmi kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọkọ mi náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Adó, a kó padà sí Aramọkọ, sí ilé bàbá rẹ̀. Oko kòkó bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ilogbo. Òun fẹ́ràn oko náà nítorí pé ibẹ̀ ló dàgbà sí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òkìtì yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú un gbóná.

Ọkọ mi ní òun kò bi bàbá òun rí, kòkó bàbá òun sì dára. Èmi bèèrè. Mo bi àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé kòkó kọjá lójúde wa. Mo bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó máa ń wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mo ń gbọ́ ètò àgbẹ̀ lórí rédíò, mo sì ba kòkó jẹ́ títí ó fi yé mi. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú kò lè rí ló ń jẹ adùn tó wà nínú omi funfun náà. Iṣẹ́ wọn ló ń di ooru. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bíi ti ẹmu àárọ̀, lẹ́yìn náà bíi ti ẹmu tó ti kan gan-an, tó ń ta ni nímú. Ní àsìkò yẹn, hóró kòkó ti kú nínú. Kò lè hù mọ́. Àfi kó kú bẹ́ẹ̀ kí adùn rẹ̀ tó jáde.

Nígbà kan mo ti tẹmómítà tí a fi ń wo ibà bọ àárín òkìtì. Ó gùn títí ó fi dé òpin, ó sì bẹ́.

Ọkọ mi gbé àfọ́kù rẹ̀ sókè. Ó ní, "O ti pa dókítà o!"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí àlejò bá wá, á ní, "Ẹ jókòó o, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń wo ibà kòkó lọ́wọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi ni mo ń lò. Ọwọ́ kì í bẹ́.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni yíyí. Bí ẹ bá fọ́ ọ lónìí, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i lọ́tùúnla, kí ẹ kó ti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ kó ti ẹ̀gbẹ́ sí àárín, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá yí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bu, àárín rẹ̀ á dúdú, á sì máa rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe é mọ́ lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ Ajé, a fọ́ kòkó, èmi àti ọkọ mi. Kùmọ̀ kékeré la fi ń fọ́ ọ, nítorí mo ti kọ̀ fún un pé kó má fi àdá fọ́ ọ mọ́. Àdá máa ń gé hóró. Òun ló to ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun ló bò ó, òun ló gbé igi lé e. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di Ọjọ́rú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní àyà òun wúwo. Mo lọ bu omi. Nígbà tí mo dé, ó ṣì jókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ gba omi náà. Àbúrò rẹ̀ wa ọkọ̀ wá. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi nínú ọkọ̀, mo sì ń wo ojú ọ̀nà. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, orí náà ti wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀, n kò sì sọ fún àbúrò rẹ̀, nítorí òun ló ń wakọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan pa ojú ọkọ mi dé. Ọwọ́ rẹ̀ ni èmi ń wò. Omi kòkó ti gbẹ sí abẹ́ èékánná rẹ̀, ó ti dúdú, bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ kejì tí ènìyàn bá fọ́ kòkó.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀. Ìjọ la ń lọ nínú ìdílé ọkọ mi, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ìjọ kì í bá wọn jà lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú kì í jáde síta títí wọn ó fi sin òkú, kò sì gbọdọ̀ tẹ oko rárá. Wọ́n ní oko tí opó tuntun bá tẹ̀ kì í so dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wá jókòó tì mí. Òun ni àgbà ilé, òun ló pọn ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn wà lọ́jà. Mo ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ ìyàwó ló ń pè mí, Ìyá wa ni èmi náà ń pè é. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi náà wà níbẹ̀, ó ń fún àwọn àlejò ní omi.

Àwọn ènìyàn ń wọlé. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." "Ẹ kú ìrọ́jú." "Ọlọ́run á dúró tì yín." Mo ń dáhùn "Àmín" bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Mo ń rí aṣọ wọn. Mo rí obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí ó sáré wá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ìyẹn ṣe mí ní nǹkan. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ wa wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ka Sáàmù. Ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, bẹ́ẹ̀ sì ni orúnkún ń dùn ún.

Ó ní, "Ẹ sunkún, màmá. Ọlọ́run kì í bínú sí omijé."

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Omijé."

Mo wá bi í ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Bí mo ṣe máa ń bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn léèrè ni mo ṣe bi í. Mo ní, "Ọlọ́run tí gbogbo wọn ní ó dúró tì mí yìí, apá ibo ló dúró sí?"

Ó wo ilẹ̀, ó tún wo Bíbélì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà." Ó gbàdúrà. Mo ń wo amọ̀ pupa tó wà létí bàtà rẹ̀.

N kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà, mo sì ti máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan ń gbọ́. Ó máa ń rí bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó nínú yàrá, tí ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Ènìyàn kì í ní láti yíjú wò ó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, yàrá ṣófo. Mo sọ "Olúwa" nínú ọkàn mi, ọ̀rọ̀ náà kò lọ síbì kan.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. "Ìyá wa."

"Kí lo fẹ́, ìyàwó? Ṣé kí n bu ẹ̀kọ fún ọ?"

"Òní ló yẹ kí a yí kòkó."

"Kòkó wo?"

"Èyí tó wà lóko. Èyí tí ọkọ mi fọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Ó wò mí títí. "Ìwọ ìyàwó yìí. Láti àná, o kò sunkún ọkọ. Kòkó lo wá fẹ́ sunkún rẹ̀?"

"N kò tíì sunkún ìkankan nínú méjèèjì, mà."

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fi etí ìró bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń pa á, ojú rẹ̀ sì pọ́n fún ẹkún. "Ìyálé mi, ẹ rọra sọ ọ́ o. Àwọn ará àdúgbò á ní ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa ta kòkó kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀."

Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ títà. Òun ló fọ́ ọ. Òun ló fi ọwọ́ rẹ̀ bò ó. Bí wọn kò bá yí i lónìí, á bàjẹ́. Kò sì tún ní fọ́ òmíràn mọ́."

Mo fẹ́ sọ pé bí òkìtì yẹn bá jẹrà, kò tún sí ohun tí mo máa fi ọwọ́ kàn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. N kò sọ ọ́. Ó rẹ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Opó kì í tẹ oko."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi yí i."

"Ta ló mọ̀ ọ́n yí bí o ṣe ń fẹ́ ẹ? Ọdún tó kọjá tí mo bá ọ yí i, ṣebí o ní mo ń gbá a bí ẹni gbálẹ̀? O lé mi kúrò nídìí rẹ̀, èmi àgbà yìí." Ó dìde, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì jáde. Mo gbọ́ tó ń pe ẹnìkan lójúde. Mo rò pé inú ló bí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ọ̀sán. Mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì ń rò ó pé ewé tó bò ó á gba omi díẹ̀, kò ní gba gbogbo rẹ̀. Òjò náà ti fẹ́ẹ̀ dá nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń gùn ún ni ayálégbé wa, ará Ọ̀ṣun kan tó ti pẹ́ ní Aramọkọ, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló dì sẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ nínú takisí lẹ́yìn rẹ̀, omi ń kán létí ìró rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń gbé apẹ̀rẹ̀ jáde nínú búùtù takisí náà. Wọ́n ti kó gbogbo òkìtì náà wálé.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń mí gúlegúle. "Àwọn àgbà ní opó kì í lọ sóko," ó ní. "Wọn kò ní kòkó kì í wálé."

Ọlọ́kadà ṣí fìlà. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á rọ̀ yín lọ́kàn. Kòkó yín yìí fẹ́ bó mi lẹ́yìn o! Nígbà tá a kọ́kọ́ gbéra, mo rò pé ẹ́ńjìnnì ló gbaná."

"Ó gbóná?"

"Bí omi ẹ̀bà! Àfi ìgbà tí òjò ká wa mọ́ ọ̀nà."

Mo dìde lórí ẹní. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe òde," ó sì yà fún mi lọ́nà.

Mo ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ kan títí dé ọrùn ọwọ́. Ó tutù bí ẹrẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ èkejì. Bákan náà. Mo rí i pé wọ́n ti yí i láìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń bù ú sínú apẹ̀rẹ̀, tòkè ti di tìsàlẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òjò ti wọ inú rẹ̀. Kòkó tó bá tutù kí ooru tó parí iṣẹ́ nínú rẹ̀, inú hóró rẹ̀ á le, á ní àwọ̀ sílétì tí a fi ń kọ̀wé nígbà tí mo wà ní ọmọdé, á sì korò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ojú mi. "Ṣé ó ti bàjẹ́?"

"N kò mọ̀, mà."

Òótọ́ ni mo sọ. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n to igi sílẹ̀ kí omi lè máa ro jáde lábẹ́. Mo ní kí wọ́n gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, nítorí òkìtì kékeré kì í mú ooru dúró. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn olùkọ́ ni. Mo ní mo nílò ohun tó nípọn tí a ó fi bò ó. Àwọn àpò tó wà nílẹ̀ ti rẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ọkọ mi wà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó jáde, kúbùsù ọkọ mi ló gbé lápá, pupa tó ní ìlà dúdú, èyí tó máa ń fi bora lásìkò ọyẹ́.

"Ìyá wa!" Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ké. "Aṣọ olóògbé! Ẹbí kò tíì jókòó pín in!"

"Ta ló ń pín in? Òtútù ń mú ohun tí àbúrò mi fọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba kúbùsù lọ́wọ́ kòkó, kó wá gbà á níṣojú mi."

Ó fi kúbùsù náà bo òkìtì. Ó fà á dé gbogbo etí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ bí ẹni ń tẹ́ aṣọ fún ọmọ tó ń sùn. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo dúró tì í, mo ń wò ó tó ń sunkún, mo sì ń rò ó pé àwọ̀ kúbùsù náà á ṣí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ kúbùsù, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Ó ṣì tutù. Mo padà sórí ẹní.

Ọmọ wa obìnrin dé láti Ìbàdàn, ó gbá mi mọ́ra, ó sunkún sí ọrùn mi títí kọ́là aṣọ mi fi rẹ. Mo ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ilé ń jíròrò ọ̀rọ̀ pósí. Wọ́n bi mí ní àwọ̀ tí mo fẹ́, mo ní èyíkéyìí tó bá wà. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wá, wọ́n kọrin, ohùn wọn dára. Mo mọ ọ̀rọ̀ orin náà látòkè délẹ̀. Ẹnu mi kò ṣí.

Ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ̀ mí lápá. "Ìyàwó, lọ wò ó."

"Mo ti wò ó láàárọ̀, mà."

"Ìkòkò ẹ̀wà pàápàá, ṣé ẹ̀ẹ̀kan la máa ń ṣí i wò? Lọ wò ó."

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo gbé etí kúbùsù sókè, mo gbọ́ òórùn ẹmu àárọ̀, fẹ́ẹ́rẹ́. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ tutù. Mo tì í síwájú títí ó fi dé ìgbọ̀nwọ́. Ní àárín gan-an, níbi tí orí ìka mi dé, ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò tíì gbóná. Bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ló rí. Kò tó ohun tí ènìyàn lè fi jẹ́rìí.

N kò yọ ọwọ́ mi.

Mo mọ ohun tó ń mú un gbóná. Mo ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí iṣẹ́ ìyanu nínú rẹ̀. Òjò kò pa gbogbo àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké náà, àwọn tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀, tí apá mi wà nínú òkùnkùn òkìtì náà, lábẹ́ kúbùsù ọkọ mi, mo mọ̀ pé yàrá kò ṣófo mọ́. N kò gbọ́ ohùn kankan. Àyà mi kò fúyẹ́. Òkú ọkọ mi ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Ẹnìkan kàn wà níbẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sì ní nǹkan kan láti sọ. A wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó kúnlẹ̀ lódìkejì, ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ń wá ibẹ̀ kiri, títí ìka rẹ̀ fi kan tèmi nínú kòkó náà.

"Ó ń gbóná," ó ní. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìyàwó, ó ń gbóná."

Mo ní, "Ẹ má gbá a bí ẹni gbálẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín. A kò yọ ọwọ́ wa.

A sin ọkọ mi ní ọjọ́ Ẹtì. Ilẹ̀ pupa ni, ó rọ̀ nítorí òjò. Mo bu erùpẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n bù ú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yí òkìtì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ooru ń jáde nínú rẹ̀ bí èéfín, kíkan rẹ̀ sì ń ta wá lójú. Ó ń gbá a bí ẹni gbálẹ̀. N kò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn bi mí bóyá mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ìjọ. Mo ní rárá. Wọ́n kọrin, mo dúró láàárín wọn, mo gbé ọwọ́ sí imú. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, síbẹ̀ kíkan kòkó kò tíì kúrò lára rẹ̀. Òórùn náà ni mo ń gbọ́ títí orin fi parí. Lẹ́yìn ìsìn, mo sọ fún olùṣọ́ àgùntàn pé ìbéèrè tí mo bi í lórí ẹní, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn án nípa rẹ̀, bí aṣọ rẹ̀ kò bá ní ká a lára.

Ó tẹ̀ lé wa délé. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kúbùsù.

"Yéè! Ó gbóná o!" Ó yọ ọwọ́ bí ọmọdé. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí. Ó tún ti ọwọ́ padà síbẹ̀. Kò wàásù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Apá aṣọ rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ omi kòkó nígbà tó ń dìde, kò sì tíì mọ́ títí di òní.

A sá kòkó náà lórí kọnkéré iwájú ilé nígbà tí ooru rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Oòrùn mú dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi bọ́ bàtà, ó ń bá wa fi ẹsẹ̀ rú u. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín. Ẹ dúró sójú kan bí òpó iná." Mo gbé ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tó gbẹ tán, mo fi abẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti wo inú rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ní àwọ̀ obì tó ti gbó, inú wọn sì là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bó ṣe yẹ. Àwọn kan ṣì ní àwọ̀ àlùkò. Díẹ̀ dà bíi sílétì, le koko. Kì í ṣe kòkó tó dára jù tó tíì jáde nílé wa. Ọkọ mi á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, o gba márùn-ún nínú mẹ́wàá." Kò bàjẹ́ ṣá.

Nígbà tí ẹbí jókòó láti pín aṣọ ọkọ mi, wọ́n mú agbádá, wọ́n mú kóòtù, wọ́n mú bàtà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kúbùsù. Omi kòkó ti sọ ìlà dúdú rẹ̀ di àwọ̀ erùpẹ̀, ọṣẹ kò sì ràn án. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ká a, ó jù ú sórí itan mi.

"Gba tìrẹ," ó ní.

Òun ni mo ń fi bora báyìí. Òórùn ọkọ mi kò sí lára rẹ̀ mọ́, kíkan kòkó ló wà níbẹ̀, èyí náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹkún dé níkẹyìn, lọ́jọ́ tí n kò retí rẹ̀, nídìí obìnrin kan tó ń ta iṣu. Ó dé, ó lọ. Àdúrà mi ṣì kúrú. Nígbà mìíràn "Olúwa" nìkan ni, kò sì sí ohun tó tẹ̀ lé e. Lásìkò ọyẹ́, bí mo bá wọ abẹ́ kúbùsù náà, ó máa ń kọ́kọ́ tutù. Mo máa ń dúró dè é.